Dial-up ọ̀fẹ́: ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó so okùn fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà

Mọ́mì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ló pè mí ní Sátidé kan. Ìgbèríko Georgia, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ń gbé, ibi tí okùn íntánẹ́ẹ̀tì ò tíì dé, tí fóònù alágbèéká sì máa ń já bí wọ́n bá ti wọ inú ilé.

"Ọkọ mi, obìnrin kan ní ọjà sọ fún mi pé íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ kan wà tí mo lè fi fóònù ilé mi yìí pè. Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, mà. Ó ti wà tipẹ́."

"Ó dáa. Ṣé mo lè wá fi rí àwọn ọmọ-ọmọ mi lórí fídíò?"

"Rárá o, mà. Ẹ ò lè fi í rí wọn. Ẹ lè fi ka lẹ́tà wọn."

"Kí ló wá dé tí wọ́n ń pè é ní íntánẹ́ẹ̀tì?"

Mo rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn gan-an ni mo fẹ́ dáhùn níbí, torí kì í ṣe Mọ́mì nìkan ló ń bi mí. Àwọn èèyàn wa tó wà ní ìgbèríko Amẹ́ríkà pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ, owó íntánẹ́ẹ̀tì sì ń ga lójoojúmọ́. Ẹni tó bá gbọ́ "ọ̀fẹ́", etí rẹ̀ á kọ́kọ́ dìde. Èmi náà lo dial-up ọ̀fẹ́ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó sì ta mí níbi tí n kò fọkàn sí. Màá sọ ìyẹn tí a bá dé ibẹ̀.

Fún ẹni tí kò bá a pàdé rí: nínú dial-up, kọ̀ǹpútà yín ló ń fi okùn tẹlifóònù ilé pe kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ kan, bí ẹ ṣe ń pe aládùúgbò. Ẹ̀rọ kékeré kan tó ń jẹ́ módẹ́ẹ̀mù ló ń sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà di ariwo kó lè gba inú okùn kọjá, módẹ́ẹ̀mù tó wà lódì kejì á sì sọ ariwo náà padà di ọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń ké wíííí kó tó wọlé. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ṣì wà lórí rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá pè yín á bá a pé láìnì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ mú bírò

Ohun tí wọ́n kọ sára módẹ́ẹ̀mù ni 56K, ìyẹn ẹgbẹ̀rún 56 bit (bit ni ẹyọ dátà tó kéré jù) ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní Amẹ́ríkà, òfin FCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ tẹlifóònù, lórí agbára iná tí wọ́n lè gbà sórí okùn fóònù kò jẹ́ kó kọjá ẹgbẹ̀rún 53.3. Ìyẹn náà, orí okùn tó mọ́ gaara tí kò jìnnà sí ilé ẹ̀rọ tẹlifóònù lẹ ti lè rí i. Ní ìgbèríko, ẹ lè bá a ní 44, ẹ lè bá a ní 26.4, tí kò sì ní kúrò níbẹ̀ láéláé. Fífi nǹkan ránṣẹ́ tún lọ́ra ju gbígbà lọ: 33.6 lórí módẹ́ẹ̀mù V.90, 48 lórí V.92 tó dé lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé orí yín dáa, ó fún yín ní 50. Ìtumọ̀ rẹ̀ nìyí. Ímeèlì tí kò ní fọ́tò nínú, tó jẹ́ 10 KB (KB kan jẹ́ nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 8 bit, MB kan sì jẹ́ nǹkan bí ẹgbẹ̀rún KB), á wọlé kí ẹ tó sẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì. Ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀ kò ní gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ó dáa títí dé ibẹ̀. Àmọ́ ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì òde òní kan tó jẹ́ 2 MB, ìṣẹ́jú 5 àti ìdajì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà kó tó ṣí tán. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ọmọ yín fi fóònù yà, tó jẹ́ 3 MB, á gba ìṣẹ́jú 8 láti wọlé. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ fi í ránṣẹ́ lórí 33.6, á tó ìṣẹ́jú 12. Tí Windows bá wá ní òun fẹ́ gba àtúnṣe tó jẹ́ 500 MB, wákàtí 22 lé díẹ̀ nìyẹn, láìsinmi, láìjá.

Ìṣirò kan ṣì wà tí mo fẹ́ kí ẹ tẹjú mọ́, torí òun ló pa àríyànjiyàn fún mi. Àwọn tí orúkọ wọn hàn jù nínú iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà, NetZero àti Juno, wákàtí 10 lóṣù ni wọ́n fi ètò ọ̀fẹ́ wọn mọ sí. Tí ẹ bá lo wákàtí 10 yẹn pátá, tí ìyára yín kò kúrò ní 50, tí ẹ kò fi ìṣẹ́jú kan ṣòfò, gbogbo dátà tó lè gba inú rẹ̀ kọjá kò ju 225 MB lọ. Lóṣù kan! Lórí okùn tó bá jẹ́ 26.4, kò tó 120 MB. Ẹni tó bá jókòó sí ilé ìkàwé ìjọba pẹ̀lú Wi-Fi tó ṣe déédéé, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi ń lo iye yẹn.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé dial-up ọ̀fẹ́ ńkọ́, ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ló fẹ́ fi 225 MB ṣe.

Ta ló ń sanwó rẹ̀?

Ó yẹ kí ẹ mọ èyí, torí òun ló ń sọ ibi tí wọ́n ti máa gba owó wọn lọ́wọ́ yín.

Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1990, ìpè àdúgbò kò ní iye ìṣẹ́jú. Owó oṣù kan náà lẹ ń san, bóyá ẹ pe aládùúgbò fún ìṣẹ́jú kan tàbí fún wákàtí márùn-ún. Ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kò lè rí kọ́bọ̀ nínú ìpè yẹn. AOL àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gba nǹkan bí 20 dọ́là lóṣù. NetZero wá jáde ní oṣù kẹwàá 1998, ó ní òun kò gba nǹkan kan, ìpolówó ni òun máa fi jẹun. Pátákó ìpolówó kan wà lójú kọ̀ǹpútà yín, ẹ ò lè pa á, ẹ ò lè gbé e pamọ́, bí ẹ bá sì ti ń lọ láti ibì kan sí ibòmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń wò ó kí wọ́n lè mọ ọjà tí wọ́n máa fi hàn yín. Juno, tó ti ń fún èèyàn ní ímeèlì ọ̀fẹ́ láti 1996, náà tẹ̀ lé e ní ìparí 1999.

Owó ìpolówó kò sì ṣe bí wọ́n ṣe rò. Nígbà tí ọjà íntánẹ́ẹ̀tì dàrú ní 2000, àwọn ọlọ́fẹ̀ẹ́ kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Freei wọ gbèsè, ètò ọ̀fẹ́ AltaVista kásẹ̀ nílẹ̀. NetZero ní kò sí lílò láìníwọ̀n mọ́, ó fi wákàtí 40 lóṣù dè é, nígbà tó yá ó di 10. Ní 2001, òun àti Juno dara pọ̀, wọ́n di United Online.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù nínú ìtàn yìí ni ti Juno. Ní oṣù kejì 2001, wọ́n kéde pé àwọn fẹ́ máa yá agbára kọ̀ǹpútà àwọn oníbàárà ọ̀fẹ́ fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ìwádìí sáyẹ́ǹsì. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé àwọn lè ní kí ẹ má pa kọ̀ǹpútà yín, kó lè máa bá wọn ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ń sùn. Ẹ wò ó: iná yín, kọ̀ǹpútà yín, okùn fóònù yín, iṣẹ́ wọn. Àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un.

Ní ìlú Ọba, ọgbọ́n míì ni wọ́n dá. Iṣẹ́jú-ìṣẹ́jú ni wọ́n ń ka owó fóònù níbẹ̀. Dixons, tó ń ta rédíò àti kọ̀ǹpútà, ló gbé Freeserve jáde ní oṣù kẹsàn-án 1998: kò sí owó oṣù, ṣùgbọ́n nínú owó ìpè tí ẹ ń san fún ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, Freeserve náà ń rí tirẹ̀ gbà. Bí ẹ bá ṣe pẹ́ lórí rẹ̀ tó ni èrè wọn ṣe ń pọ̀ tó. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ọ̀fẹ́ o. Àwọn tó bá wà ní London nígbà yẹn á rántí bíìlì fóònù tí onílé máa ń gbé wá sí yàrá ayálégbé.

Ní tilé wa ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá. Ká tó rí okùn NITEL gbà, irun á fẹ́rẹ̀ẹ́ hewú, ilé kafé ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ rí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti ìgbà tí GSM ti dé ní 2001, kò sí ẹni tó tún rántí okùn. Amẹ́ríkà ni ìtọ́sọ́nà tó kù yìí wà fún, níbi tí okùn ṣì wà lára ògiri ilé púpọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wo irú okùn tí ẹ ní

Kì í ṣe gbogbo fóònù tó wà lórí tábìlì ló jẹ́ okùn bàbà. Púpọ̀ nínú wọn lónìí ń gba inú àpótí íntánẹ́ẹ̀tì kọjá, ariwo módẹ́ẹ̀mù kì í sì í fi gbogbo ara gba ibẹ̀ jáde: á wọlé, á já, á tún wọlé. Bí fóònù yín bá sì ń gba inú íntánẹ́ẹ̀tì kọjá, ẹ ti ní íntánẹ́ẹ̀tì nílé nìyẹn, kí lẹ tún ń wá dial-up fún?

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ rèé. Ẹ wá fóònù àtijọ́ kan, èyí tí kò ní bátìrì, tí okùn rẹ̀ kì í wọ iná. Ẹ kì í bọ ihò tó wà lára ògiri. Ẹ pa iná ilé láti orí bọ́ọ̀dù. Ẹ gbé e sétí: bó bá ṣì ń dún húúún, tí kò sì sí àpótí tó ní bátìrì nídìí rẹ̀, okùn bàbà ni, iná tirẹ̀ ti ilé ẹ̀rọ tẹlifóònù wá. Bó bá dákẹ́, àpótí ló ń gbé e, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu mọ́.

Bó bá ń dún, ẹ tẹ nọ́ńbà kan ṣoṣo kí ó lè dákẹ́, kí ẹ wá tẹ́tí sí i fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún. Tí ẹ bá gbọ́ ohun tó dà bí epo tó ń ta nínú àwo dídín, ó lè jẹ́ pé omi ti wọ okùn níbì kan. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kí wọ́n wá tún un ṣe. Ẹ sọ fún wọn pé ohùn ni kò já gaara. Bí ẹ bá dárúkọ módẹ́ẹ̀mù, wọ́n lè sọ pé ohùn èèyàn nìkan ni àwọn ṣe ìlérí.

Ẹ tún fi sọ́kàn pé okùn bàbà ń lọ sílé. AT&T ti sọ pé kí 2029 tó parí, òun á ti kúrò lórí rẹ̀ ní ibi tó pọ̀ jù lọ nínú ibi tí òun ń ṣiṣẹ́. Ìlú Ọba ti fi oṣù kìíní 2027 ṣe ọjọ́ tí wọ́n máa pa tiwọn. Kí ẹ má lọ fi owó gidi ra nǹkan tí ilé rẹ̀ ti ń wó.

Ìgbésẹ̀ kejì: nọ́ńbà, nọ́ńbà, nọ́ńbà

Ibí yìí ló ti ta mí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà, mo ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ ilé ọkùnrin kan. Mo fi sọfítíwia ọ̀fẹ́ kan sórí kọ̀ǹpútà tí mo rà ní àlòkù, ó fi nọ́ńbà mẹ́rin hàn mí, mo mú èyí tí kóòdù àgbègbè rẹ̀ bá ti wa mu. Mo rò pé bí kóòdù bá ti jọra, ìpè àdúgbò ni. Oṣù pé, onílé gbé bíìlì sọ̀kalẹ̀ wá: 87 dọ́là lórí okùn tó máa ń jẹ́ 20 àti díẹ̀. Nọ́ńbà yẹn wà nínú kóòdù kan náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlú tó wà kò sí nínú àyíká tí wọ́n kà sí àdúgbò wa. Ìpè ọ̀nà jíjìn ni mo ń pè lálaalẹ́ láti ka ìwé ìròyìn Nàìjíríà. Ọkùnrin náà kò pariwo. Ó kàn fi ìka tọ́ka sí ìlà kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á fún mi: aago 11:40 alẹ́, ìṣẹ́jú 52. Aago 12:35, ìṣẹ́jú 48. Mo san án.

Nítorí náà, ẹ ṣe báyìí. Ẹ kọ gbogbo nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ náà bá fi hàn yín sórí ìwé. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù yín, ẹ kà wọ́n fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ bi wọ́n pé: "Ṣé ìpè àdúgbò ni èyí láti orí nọ́ńbà tèmi, ṣé kò sì sí owó ìṣẹ́jú lórí rẹ̀?" Ẹ kọ orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn àti ọjọ́ sílẹ̀. Nọ́ńbà méjì tí wọ́n bá fọwọ́ sí nìkan ni kí ẹ lò, èyí kejì fún ìgbà tí èkíní bá kún. Ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kò ní gbà pé ẹ̀bi òun ni bí bíìlì bá ga. Ó ti wà nínú àdéhùn tí ẹ tẹ "I agree" sí.

Bó bá jẹ́ pé kò sí èyí tó jẹ́ ti àdúgbò nínú gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ẹ fò lọ sí apá tí mo ti sọ̀rọ̀ nípa ilé ìkàwé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: módẹ́ẹ̀mù

Láptọ́ọ̀pù òde òní kò ní ihò fóònù mọ́. Módẹ́ẹ̀mù kékeré oní-USB lẹ máa rà, USRobotics ṣì wà lára àwọn tí orúkọ wọn gbajúmọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ wo ara páálí rẹ̀ bóyá ó dárúkọ Windows tí ẹ ń lò, àlòkù pọ̀ lórí Ebay tó jẹ́ pé Windows XP ló mọ. Ẹ má sì tìtorí módẹ́ẹ̀mù lọ gbé kọ̀ǹpútà XP àtijọ́ jáde lábẹ́ ibùsùn o. Microsoft ti pa á tì láti oṣù kẹrin 2014, browser inú rẹ̀ (ètò tí ẹ fi ń ṣí ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì) kò sì lè ṣí ọ̀pọ̀ ibi tí ẹ ń lọ mọ́, torí ọ̀nà tó ń gbà ti ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ àṣírí ti di ti àtijọ́.

Ẹ ti okùn fóònù bọ ihò tí wọ́n kọ "Line" sí. Bí ihò méjì bá wà, èyí tí wọ́n kọ "Phone" sí wà fún fóònù yín. Àṣìṣe yìí ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń pè mí pé kò ṣiṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìforúkọsílẹ̀

Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ṣẹ́ kù kò pọ̀. AOL fúnra rẹ̀ pa dial-up rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 2025, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Nítorí náà, ẹ fi fóònù pe ilé-iṣẹ́ tó wù yín kí ẹ tó ra módẹ́ẹ̀mù, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ṣì ń gba ẹni tuntun sórí ètò ọ̀fẹ́, wákàtí mélòó ni, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí wákàtí bá tán: ṣé wọ́n á já yín, àbí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó?

Bí wọ́n bá bèèrè nọ́ńbà káàdì fún ohun tí wọ́n pè ní ọ̀fẹ́, ẹ dúró. Ẹ bi wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n máa kọ́kọ́ yọ owó àti bí èèyàn ṣe ń jáwọ́. Mo mọ àwọn tó jẹ́ pé nọ́ńbà fóònù kan ṣoṣo ni wọ́n lè fi jáwọ́, tí ẹni tó bá gbé e á sì fi ogún ìṣẹ́jú bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má lọ.

Ẹ ṣí ímeèlì tuntun tí ẹ máa fi forúkọ sílẹ̀. Ẹ má lo èyí tí báńkì mọ̀ yín mọ́, torí ìpolówó á dà wọ inú rẹ̀ bí omi.

Sọfítíwia wọn kò pọn dandan nígbà mìíràn. Nínú Windows, Settings, Network & internet, Dial-up ṣì wà níbẹ̀. Nọ́ńbà, orúkọ àti páásíwọ̀ọ̀dù ló ń bèèrè. Ṣùgbọ́n ètò ọ̀fẹ́ sábà máa ń fi dandan lé e pé sọfítíwia tiwọn ni kí ẹ lò, kí ìpolówó lè hàn.

Bí ẹ bá ní ètò tó máa ń ké pí nínú fóònù bí ẹlòmíràn bá pè, pí yẹn á já íntánẹ́ẹ̀tì yín. Ẹ kọ *70 àti àmì kọ́mà síwájú nọ́ńbà náà nínú kọ̀ǹpútà, á pa á fún ìpè yẹn nìkan.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ náwó wákàtí 10 bí ahun

Ẹni tó bá ti gba gbogbo èyí kọjá, tó wá ṣí Facebook, ó ti pàdánù. Kò ní ṣí tán. Ètò mẹ́ta ló ń jẹ́ kó ṣe é lò.

Àkọ́kọ́, ímeèlì. Ẹ má ka Gmail nínú browser. Ojú rẹ̀ tó fúyẹ́, tí èmi fẹ́ràn gan-an, Google ti pa á ní 2024. Ẹ fi Thunderbird, ètò tó wà fún ímeèlì, sórí kọ̀ǹpútà nígbà tí ẹ bá wà níbi tí Wi-Fi wà. Nínú rẹ̀, ẹ lọ síbi ètò àkáǹtì, ẹ ní kó má gba ímeèlì tó bá ju 50 KB lọ. Á mú lẹ́tà kéékèèké wọlé, á fi àwọn ńlá sílẹ̀. Ẹ wọlé, ẹ gbà wọ́n, ẹ já. Ẹ ka lẹ́tà, ẹ kọ èsì nígbà tí láìnì ti ṣófo, kí ẹ tún wọlé láti fi ránṣẹ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún lóòjọ́ lè tó, ìyẹn sì jẹ́ wákàtí méjì àti ààbọ̀ lóṣù.

Èkejì, fọ́tò. Ẹ pa á. Nínú Firefox, ẹ tẹ about:config síbi àdírẹ́sì, ẹ wá permissions.default.image, ẹ sọ 1 rẹ̀ di 2. Ojú-ewé á dà bí ilé tí wọ́n kó àga kúrò nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n á ṣí. Fún ìròyìn, text.npr.org àti lite.cnn.com kò ní fọ́tò rárá, ọ̀rọ̀ nìkan ni, wọ́n sì máa ń ṣí kíákíá lórí dial-up.

Ẹ̀kẹta, Windows. Ẹ lọ sí Windows Update, ẹ tẹ Pause. Ẹ pa OneDrive àti ohunkóhun tó bá ń jí dátà lò lẹ́yìn yín. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ óò jókòó ti ojú-ewé kan fún ogún ìṣẹ́jú láìmọ̀ pé àtúnṣe ńlá kan ló gbé gbogbo ọ̀nà. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ gbé kọ̀ǹpútà lọ síbi tí Wi-Fi wà lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó gba àtúnṣe rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí kò rí àtúnṣe, kó má wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì rárá ló sàn.

Ẹ máa wo bíìlì fóònù lóṣooṣù. Nígbà kan, àwọn ọ̀daràn máa ń fi ètò burúkú sínú kọ̀ǹpútà èèyàn, á yí nọ́ńbà padà sí ti òkè òkun olówó gọbọi, á sì máa pè é lóru. Bí ẹ kò bá lò ó, ẹ yọ okùn náà kúrò lára módẹ́ẹ̀mù. Kò sí ọ̀daràn tó lè fi okùn tí kò sí nílé pè.

Ibi tí ọ̀fẹ́ gidi wà

Kí n sọ òtítọ́: lójú tèmi, ilé ìkàwé ìjọba ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà wa kan rò pé ibi ìwé ọmọdé ni. Wi-Fi rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ wà tó máa kọ́ yín. Ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ló tún ń yá èèyàn ní hotspot, ẹ̀rọ kékeré tí ẹ lè gbé lọ sílé bí ìwé, tí ẹ óò dá padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ béèrè ní tààràtà, torí kì í sábà wà lórí pátákó. Àwọn tó ń dúró dè é máa ń pọ̀, kí ẹ yáa kọ orúkọ sílẹ̀. Bí ẹ bá sì ní ibi kan nínú ọgbà yín tí fóònù alágbèéká kì í ti í já, ibẹ̀ ni kí ẹ gbé hotspot sí.

Lẹ́yìn ìyẹn, Lifeline. Ètò ìjọba àpapọ̀ ni, láti 1985 ló ti ń bá àwọn tí owó wọn kò tó san fóònù, ó sì ti kan íntánẹ́ẹ̀tì náà láti 2016. Ó ń yọ 9.25 dọ́là kúrò nínú owó yín lóṣù, tó bá jẹ́ orí ilẹ̀ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, 34.25. Ẹni tó bá wà lórí Medicaid, SNAP tàbí SSI, àwọn ètò ìrànlọ́wọ́ ìjọba, ó tọ́ sí i. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá kọjá ìdá 135 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ìṣẹ́ tí ìjọba kọ sílẹ̀, ó tọ́ sí òun náà. Ẹ má fi wé ACP, ètò ìjọba mìíràn lórí owó íntánẹ́ẹ̀tì, tó ń fúnni ní 30 dọ́là lóṣù nígbà kan o, ìyẹn parí ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2024. Ẹnikẹ́ni tó bá pè yín pé òun fẹ́ fi yín sí ACP lónìí, gbájú-ẹ̀ ni.

Ìṣirò kan tún kù. Bí ẹ bá ń san 40 dọ́là lóṣù fún okùn ilé, tó sì jẹ́ nítorí dial-up ọ̀fẹ́ nìkan ni ẹ kò fi gé e kúrò, dial-up yín kì í ṣe ọ̀fẹ́ mọ́. 40 dọ́là ni, fún 225 MB. Iye yẹn lè ra dátà fóònù tó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ta wá ni dial-up ọ̀fẹ́ yẹ? Ẹni tó ti ní okùn bàbà tó ń sanwó rẹ̀ nítorí nǹkan míì, bóyá nítorí ààbò nígbà tí ìjì bá mú iná lọ, tó sì ní nọ́ńbà àdúgbò tí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù fọwọ́ sí, tí ímeèlì àti ìròyìn sì tó o. Mọ́mì bọ́ sí ẹgbẹ́ yìí, torí dókítà ní kí wọ́n má gé fóònù ilé. A dán okùn wò, ó dún. A pe ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, wọ́n fọwọ́ sí nọ́ńbà kan nínú mẹ́ta. Mo ra módẹ́ẹ̀mù fún wọn, mo kó Thunderbird sí i, mo wá fi orúkọ wọn sílẹ̀ fún hotspot ilé ìkàwé, torí fídíò àwọn ọmọ-ọmọ. Tiwọn ló di ẹnì kẹrìndínlógún lórí ìwé.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ímeèlì wọn àkọ́kọ́ dé, ìlà mẹ́ta, kò sí fọ́tò:

"Ọkọ mi, mo ti wọlé. Ariwo rẹ̀ dà bí ti ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù. Mo ń já a báyìí, ọmọ mi fẹ́ pè."